Orúkọ Tí Alárinà Kò Mọ̀

"Ìyá Ẹlẹ́ja-Yíyan, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé orúnkún yín jẹ́ kí ẹ sinmi?"

Inú ògiri ni ohùn náà ti wá. Màmá kò gbójú kúrò lára kókò tó ń bó, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó dáhùn pé òun sùn, pé orúnkún nìkan ni kò gbà kí àwọn jọ sùn. Ohùn náà kí i kú ìfaradà, ó dákẹ́ kí ìgbì omi kan wá kí ó sì padà, lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dárúkọ ìpara kan tí wọ́n ṣe fún oríkèé ríro. Màmá ní kí wọ́n gbé e wá kí àwọn wò ó. Lókè ilẹ̀kùn, iná kékeré tó pupa tẹ́lẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ìkànnì Molúdúró ti rí ìdáhùn àkọ́kọ́ gbà fún òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Mojọ́yìn, ìyàwó ọmọ Màmá, ẹni tó ni ìkànnì náà, rí iná yìí láti ibi tó ti ń gbálẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ìdáhùn ni ìkànnì ń jẹ. Bí Alárinà, ẹ̀rọ tó ń polówó ọjà káàkiri gbogbo ìkànnì ayé, bá pe àlejò tí àlejò sì dáhùn, owó á wọlé fún onílé, iná ìkànnì á sì máa jó. Bí àlejò kò bá dáhùn, ìjọba kì í bínú, wọn kì í jà, wọ́n á kàn pa iná náà ni. Ìkànnì tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa jẹ iná ọmọ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ìdáhùn wí. Àwọn tó ṣe òfin náà kò sì sí nínú àwọn tí òkun gba ilé lọ́wọ́ wọn.

Kò sí nǹkan mìíràn lórí ìkànnì yìí ju ohùn omi lọ. Òkun ti bo Molúdúró mọ́lẹ̀. Orí tánkì omi ìlú nìkan ló kù tó yọ síta, ibẹ̀ sì ni Mojọ́yìn gbé ẹ̀rọ agbóhùn kan sí ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń kó kúrò létí omi lọ sórí òkè, èyí tí oòrùn ń fún lágbára. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ Molúdúró tó tú ká sórí òkè gbígbẹ, níbi tí eruku ti ń bá ènìyàn jẹun nínú àwo, a máa ṣí ìkànnì náà bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí wọ́n lè gbọ́ bí omi ṣe ń fọwọ́ gbá ara tánkì. Àwọn kan ń gbọ́ ọ bí wọ́n bá ń wẹ̀. Àwọn kan kò lè fi oúnjẹ kan ẹnu àfi bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá fi ilé sílẹ̀ rí lè máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀, kò tíì kàn án ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ìkànnì náà kú. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìjọba ni Alárinà fi ń pe ènìyàn nígbà yẹn. "Ìbídùn!" ni yóò pe Màmá láti inú ògiri, àfi bí ẹni pé òun ló bí i. Màmá á sì panu mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga nìkan. Ní Molúdúró, ọmọdé kò tíì mọ̀wẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ pé bí wọ́n bá pè ọ́ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn o, torí ẹni tó ń pe ènìyàn láti ojú omi lè má ní ẹsẹ̀. Gbogbo àgbà ìlú ni Alárinà pè, gbogbo wọn ló dákẹ́ lọ. Mojọ́yìn wá ṣe ohun tí gbogbo onílé máa ń ṣe bí ebi bá ń pa ìkànnì wọn. Ó kó ìpolówó kún un, ti páànù, ti tẹ́tẹ́, ti wíìgì, ó fi síwájú, ó fi sẹ́yìn, títí ìgbì kan kò fi lè wá kí ó padà láìjẹ́ pé ọlọ́jà kan já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ. Ẹni tó bá ń wá owó lójú méjèèjì, òun náà ló máa ń lé e sá.

Ọjọ́ kan ló wà ní ìdí ààrò tó pe àbúrò ọkọ rẹ̀, "Adúmáradán!", ọkùnrin náà sì jẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn odi, láìrí ẹni tó pè é. Ọmọ orógùn dúró lọ́wọ́ Mojọ́yìn. Olúṣọjí ni wọ́n sọ àbúrò ọkọ yìí, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé ọkọ ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí òun náà fún un ni yóò máa fi pè é. Èyí tó dúdú tó ń dán, ó sọ ọ́ ní Adúmáradán. Ìyá ọkọ tí ẹja yíyan rẹ̀ kò ní alábàádọ́gba létí òkun, ó sọ ọ́ ní Ìyá Ẹlẹ́ja-Yíyan. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ kò nílò ojú. Ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ pé inú ilé ló ti wá.

Ó ránṣẹ́ sí àwọn ìyàwó Molúdúró yòókù níbikíbi tí wọ́n wà, wọ́n sì kó orúkọ ilé ọkọ wọn ránṣẹ́, Eyín-Funfun, Akọ́wé Ilé Wa, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Bàbá Onírẹ̀lẹ̀. Mojọ́yìn jókòó ti Alárinà, ó kọ́ ọ bí ìyálé ṣe ń kọ́ ìyàwó tuntun. Ó ní kí ó kí ènìyàn kí ó tó dárúkọ ọjà. Kí ó béèrè ara. Kí ó má sọ̀rọ̀ nígbà tí ìgbì bá ń bọ̀, àfi bí ó bá padà. Kí ó má gbé ju ọjà kan lọ wá láàárọ̀, kí ọjà náà sì jẹ́ ohun tí ọwọ́ ẹni náà ń wá. Kí ni apẹja àná fẹ́ fi tẹ́tẹ́ ṣe? Òwú ìránṣọ, ìpara orúnkún, ẹja gbígbẹ tí kò ní eruku, irú wọn ni kí ó máa polówó. Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi ń wọlé bí ẹja ìgbà òjò. Wọ́n rí owó oògùn Màmá san, wọ́n tún òrùlé ṣe, àwọn onílé mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bi Mojọ́yìn pé ọgbọ́n wo ló dá.

Ìdí nìyí tí kò fi yà á lẹ́nu nígbà tí Adéyọọlá kanlẹ̀kùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin yìí ni ilé-iṣẹ́ Alárinà fi ṣe alábòójútó gbogbo ìkànnì àgbègbè wọn, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kì í sì í kúrò létí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó kúnlẹ̀ kí Mojọ́yìn, ó mu omi tí wọ́n bù fún un, ó yin ìkànnì náà títí, ó ní àwọn ọ̀gá òun fẹ́ kí gbogbo ìkànnì máa kí ènìyàn bíi ti Molúdúró. Mojọ́yìn ń wò ó. Ẹni tó bá ń yinni tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì dìde, ọ̀rọ̀ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀.

"Àlejò kan wà lórí ìkànnì yín, mà," ni Adéyọọlá wí nígbẹ̀yìn, "tí kò dáhùn rí."

Ó ṣàlàyé pé àlejò náà ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun náà ló sì máa ń jáde kẹ́yìn. Láti ibùdókọ̀ ojú omi kan ní òdìkejì ààlà ló ti ń wá, níbi tí ẹni tí kò ní ìwé ti lè yá ẹ̀rọ ẹlòmíràn lò, nítorí náà kò sí orúkọ lára rẹ̀. Alárinà ti pè é ní gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé ìlú Molúdúró, ti òkú, ti alààyè. Kò jẹ́ ọ̀kankan. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà tí wọ́n pè tó fi pa ohùn omi náà lójijì, tí kò sì padà wá títí di ọjọ́ kejì.

Mojọ́yìn bi í pé orúkọ wo ni. Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀.

"Akíngbàlà, mà."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Màmá.

Akíngbàlà ni ọmọ Màmá, òun ni ọkọ Mojọ́yìn. Ní ọjọ́ tí òkun wọ ìlú, ó gbé ìyàwó àti ìyá rẹ̀ dé ilẹ̀ gbígbẹ, ó yí ọkọ̀ padà láti lọ kó àwọn tó kù lórí òrùlé ilé-ìwé. Láti ọjọ́ náà wọn kò rí ọkọ̀, wọn kò rí àjẹ̀, wọn kò rí i. Màmá kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun kẹ́dùn. Mojọ́yìn kò wọ aṣọ opó, kò sì lè pe ara rẹ̀ ní adélébọ̀. Bí ó bá ń jí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì máa ń kọ́kọ́ lọ sí apá ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń sùn sí. Ó sọ fún àwọn ènìyàn pé torí àwọn ọmọ Molúdúró ni òun ṣe dá ìkànnì náà sílẹ̀, irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ó mọ̀ pé bí ọkọ òun bá wà níbikíbi láyé, ohùn omi yẹn ni yóò wá.

Adéyọọlá wá sọ ohun tó gbé e wá. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ ọ̀fẹ́ pẹ́ títí. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí, wọn yóò ti àlejò náà síta, ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé kò sì ní í gbọ́ omi Molúdúró mọ́ láé. Àfi bí onílé bá lè fún Alárinà ní orúkọ kan tí yóò dáhùn sí. Wọn yóò bi àlejò fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí wọ́n fẹ́ tì síta lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ ẹlòmíràn ra ìjókòó rẹ̀ lórí ìkànnì, bí ẹlòmíràn náà bá dáhùn. Ó sọ èyí bí ẹni tó ń ka ìwé, ó ní ẹni tí kò lanu láti ìgbà yìí, kí ni yóò wá sọ.

Mojọ́yìn bẹ̀ ẹ́ pé ṣé òun kò lè bá àlejò náà sọ gbólóhùn kan péré.

"Onílé kò lè bá àlejò sọ̀rọ̀ bí kò bá sí ọjà láàárín wọn, mà. Ẹ mọ òfin."

Ó mọ òfin. Ó tún mọ èyí tí ọmọbìnrin náà kò sọ, pé orúkọ tí ènìyàn bá ti fún Alárinà ti di ti Alárinà, kò ṣeé gbà padà. Gbogbo ògiri tí ẹni náà bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni yóò máa fi orúkọ yẹn pè é, ògiri ọjà, ògiri ilé ìwòsàn, títí kan ògiri tó ń ta pósí. Adéyọọlá dìde, ó ní òun yóò padà wá kí oòrùn tó wọ̀.

Ní gbàrà tó jáde, Màmá gbé igbá kókò sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, orúkọ tí o fi ń pè é nígbà tí ẹ bá ku ẹ̀yin méjì, mi ò bi ọ́ rí. Mi ò bi ọ́ báyìí náà. Àwọn ni kí o sọ ọ́ fún."

Mojọ́yìn ní, Màmá, wọn yóò máa fi ta ọjà.

"Kí wọ́n fi ta ọṣẹ. Kí wọ́n fi ta ìgbálẹ̀. Ọmọ mi ni mo fẹ́ kí ó dáhùn."

Ta ni yóò dá ìyá lẹ́bi? Mojọ́yìn kò dá a lẹ́bi. Ó kàn wọ yàrá lọ, ó jókòó sórí ibùsùn. Bí ọmọ bá ti dé, ìyàwó á máa pe ọkọ rẹ̀ ní Bàbá Lágbájá, ọ̀rọ̀ á parí. Ọmọ kò tíì dé fún wọn nígbà tí òkun dé, nítorí náà ó dá orúkọ kan sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, inú àpò ẹ̀fọn nìkan ló sì ti máa ń pè é. Ọkọ náà ní tirẹ̀ tó fi ń pè é. Bí ó bá ti odò dé, á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tútù, á pe orúkọ yẹn jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó gbọ́ orúkọ méjèèjì yìí rí. Alárinà tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, Mojọ́yìn lásán ló ń pè é. Èyí tí òun fi ń pe ọkọ rẹ̀, èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò mọ̀ ọ́n, bí mo bá sì mọ̀ ọ́n n kò ní í wí.

Ó fẹ́ kí ó dáhùn. Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́ ẹ dé ibi tí àyà fi ń dùn ún. Kò tilẹ̀ di dandan kí ó wálé. Kí iná kékeré yẹn di àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun mọ̀ pé ọwọ́ kan tí òun mọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ ní òdìkejì ayé, èyí nìkan ì bá tó o jẹ fún ọdún mélòó kan. Ó tún mọ̀ pé bí wọ́n bá ti àlejò náà síta, ọ̀nà kankan kò sí mọ́ tí wọ́n lè fi wà níbì kan náà. Lójoojúmọ́ láti ìgbà yìí, bí ó bá jẹ́ òun ni, àwọn méjèèjì jọ ń gbọ́ omi kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, òun kò sì mọ̀.

Lọ́sàn-án, ó lọ sí ilé Olúṣọjí. Àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí ti sin ìyàwó rẹ̀ ní òkè gbígbẹ níbí, lẹ́yìn ìsìnkú ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fún Alárinà ní orúkọ tí ìyàwó náà máa ń pè é nínú yàrá. Mojọ́yìn ti mọ èyí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó ti wọ ilé náà. Ó ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn wọlé. Garawa wà lórí garawa, agbòòrùn wà tí wọn kò tíì tú ìdì rẹ̀, àwo, ìkòkò, bàtà obìnrin pàápàá. Olúṣọjí gbé nǹkan kúrò lórí àga fún un, ojú ń tì í díẹ̀.

Mojọ́yìn sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi í pé kí ni òun ó ṣe.

Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ti garawa kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyàwó, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Kí ẹ má rò pé n kò mọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ pè mí, ńṣe ni mo sunkún, mo rò pé ó ti dé. Adùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí mo bá fẹ́ rántí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń pè mí, bó ṣe máa ń fa ìparí rẹ̀ gùn díẹ̀, ohùn ẹ̀rọ ni mò ń gbọ́. Mo wá a títí. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ògiri pe ọkùnrin náà. Ó pè é ní orúkọ yẹn, ó kí i kú ọ̀sán, ó ní aṣọ ìnulẹ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí eruku padà. Olúṣọjí ti dáhùn kí ó tó mọ̀ pé òun lanu. Ó wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ó ní ẹ má bínú. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni Mojọ́yìn ti bi í pé bí wọ́n bá ní kí ó padà sẹ́yìn, ṣé kò ní í fún wọn mọ́. Olúṣọjí mi orí bí ẹni tó kọ̀, ó tún mi orí bí ẹni tó gbà, kò sì sọ èwo ni.

Oòrùn ti ń fi ẹ̀yìn rìn nígbà tí Adéyọọlá dé. Màmá ti wọ aṣọ tó dára, ó jókòó sójú kan níwájú ògiri, bí ìgbà tí ènìyàn ń retí ọmọ tó ti ìrìn àjò bọ̀. Ohùn omi wà nínú ilé. Ó ń gbá ara tánkì, ó ń padà, kò kánjú. Adéyọọlá ní àlejò náà wà lórí ìkànnì lọ́wọ́, láti kùtùkùtù ló ti wà níbẹ̀. Alárinà béèrè láti inú ògiri, pẹ̀lú ìkíni àti ìbéèrè ara, gẹ́gẹ́ bí Mojọ́yìn ṣe kọ́ ọ, pé orúkọ wo ni kí òun fi pe àlejò ilé.

Orúkọ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó pẹ́ tí kò ti gbé e wá síbẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn pé kò tíì sọ ẹyọ kan nù nínú rẹ̀. Ó ṣì lè gbọ́ bí òun ṣe máa ń pè é, ó ṣì lè gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe máa ń dáhùn, ohùn tí oorun ti mú lábẹ́ aṣọ. Bí òun bá sọ ọ́, ọkọ òun yóò dáhùn, èyí dá a lójú. Lẹ́yìn náà yóò máa gbọ́ ọ nídìí ọjà tábà, nínú ọkọ̀, níbi tó ti ń fọ ẹnu, títí ọjọ́ kan tí yóò wá ìyàwó rẹ̀ nínú orúkọ náà tí kò sì ní í bá a níbẹ̀.

"N kò ní orúkọ kankan fún un," ni Mojọ́yìn wí.

Màmá kò pariwo. Ó dìde, ó di àga rẹ̀ mú, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn sì ni àkọ́kọ́ tí kò jókòó gbọ́ omi láti ìgbà tí wọ́n ti dé orí òkè. Mojọ́yìn gbọ́ tó ń bu omi kiri láìsí ohun tó fẹ́ fi ṣe. Adéyọọlá fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ etí rẹ̀, ó ní Alárinà ti ń bi àlejò náà fúnra rẹ̀, ìyẹn ló kù, kò ní í pẹ́.

Mojọ́yìn fi ẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn, omijé sì ń bọ́, kò nù ún. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkàn. Ó ní kí ó má bínú, òun kò lè fi í fún wọn. Ó ní kí ó fetí sí ìgbì yìí, kí ó gbọ́ ọ dáadáa, torí òun náà ń gbọ́ ọ. Ìgbì kan wá, ó padà. Òmíràn wá. Nígbà tí ìyẹn náà padà, Alárinà sọ̀rọ̀.

"Èbúté, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ṣé ara le?"

Adéyọọlá wo gbogbo inú ilé. Ó ní ta ni wọ́n ń pè ní Èbúté. Ó tún fetí sí ohun tí ilé-iṣẹ́ ń wí fún un, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní àlejò náà ti lanu. Ó ti fi orúkọ kan ra ìjókòó rẹ̀. Bí ẹni tó ni orúkọ náà bá dáhùn, wọn kò ní í tì í mọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá dáhùn kí ìmọ́lẹ̀ tó tán lójú sánmà, ó parí.

Mojọ́yìn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Ó wà láàyè. Ọkùnrin tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọwọ́ tútù wà láàyè, ó sì ti fún wọn ní orúkọ òun. Bóyá nítorí kí ó lè máa gbọ́ omi ilé rẹ̀ ló ṣe tà á. Bóyá ọ̀nà kan ṣoṣo tó rí láti fi pe òun nìyẹn. Ó wá ìbínú nínú ara rẹ̀, nítorí ó tọ́ kí ó bínú, kò rí i. Ohun tó rí ni ohùn ọkọ rẹ̀, bó ṣe máa ń pe orúkọ náà jẹ́ẹ́jẹ́ tí á sì fi èémí parí rẹ̀. Ó di ojú, ó gbìyànjú láti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó ṣì jẹ́ tirẹ̀.

"Èbúté," ni Alárinà tún wí, pẹ̀lú sùúrù tí Mojọ́yìn fúnra rẹ̀ kọ́ ọ, "ọṣẹ ìfọṣọ tuntun kan dé, kì í jẹ́ kí aṣọ ṣá nínú oòrùn òkè."

"Mo ń bọ̀," ni Mojọ́yìn wí.

Bó ti máa ń dáhùn láti ìdí ààrò nìyẹn, kò tilẹ̀ ronú sí i. Iná tó wà lókè ilẹ̀kùn, tó ti padà pupa, di àwọ̀ ewé. Adéyọọlá mí kanlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run ṣe é ní ìrọ̀rùn, ó sì rọra jáde. Lẹ́yìn ilé, Màmá ṣì ń bu omi, ó yẹ kí ènìyàn lọ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà láàyè, Mojọ́yìn sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun dìde. Alárinà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè pé ọṣẹ mélòó ni kí wọ́n gbé wá. Mojọ́yìn ti sún mọ́ ògiri, ó gbé etí lé e, ó ń dúró kí ó tún pe òun.